Ìbọ̀sẹ̀ Lọ́wọ́ Ìyá Àgbà

Ní ojú ewé kẹta ìwé ètò ìsìnkú Ìyá Àgbà, wọ́n kọ ọ́ pé: "Màmá a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ gbẹ̀bí ní àwọn abúlé." Mo ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀dà tèmi, nítorí ẹni tó bá fi ọdún márùndínlógójì ṣe tíṣà kò lè rí àṣìṣe kó sì dákẹ́. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́. Alùpùpù ni. Ó ní ẹ́ńjìnnì, ó ní èéfín, ó sì ní ariwo tí gbogbo àdúgbò wa ní Ìjẹmọ̀ fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ẹni tó bá pè é ní kẹ̀kẹ́ kò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí nínú ọyẹ́.

Èmi jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún tí àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún àwọn alágbádá, wọ́n gbà mí sí iṣẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kọ́bapẹ́. Ìyá Àgbà, tó jẹ́ ìyá bàbá mi, ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ó ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n àwọn aboyún Kọ́bapẹ́ kò gbà pé ó ti fẹ̀yìntì. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń lọ yẹ̀ wọ́n wò, ní ìdájí, kí wọ́n tó lọ sóko. Bí ó bá ń lọ, yóò gbé mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n ju ibikíbi lọ: lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú imú mi nínú kóòtù bàbá àgbà tó máa ń wọ̀.

N kò ní kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbí títí dé ikú. Ìwé ètò ti ṣe ìyẹn, ẹ sì ti rí bó ṣe ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ọwọ́ náà kéré. Ó máa ń gé èékánná rẹ̀ dọ́gba, òórùn ọṣẹ àti òrí kì í sì í kúrò lára rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò gbà fún un, pé kó tutù. Kó tó kan aboyún tàbí ọmọ tuntun, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ wò. Bí ó bá tutù, yóò fi ọwọ́ ra ọwọ́, yóò fẹ́ èémí sí i, yóò kì í bọ abẹ́ abíyá, lẹ́yìn náà ni yóò tún un kàn wò. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi ń ṣe tó bẹ́ẹ̀.

"Bọ́sẹ̀," ó ní, "oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ fi wà níbi tó gbóná. Bí ọwọ́ àkọ́kọ́ tó kàn án láyé bá tutù, kí ni yóò rò nípa àwa tá a wà níbí?"

Bàbá mi ni ẹ̀rí rẹ̀. Bàbá mi ni àkọ́bí rẹ̀, akọ̀wé ìjọba ni, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bí àlejò bá wọlé, Ìyá Àgbà yóò nawọ́ sí i bí ẹni ń fi ọjà han oníbàárà.

"Ẹ wo Yínká. Ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé ni, nínú ọyẹ́. Ọwọ́ tó fi gbé e tutù bí ìkòkò omi. Láti ọjọ́ náà ló ti fajú ro."

"Màámi, mo wà níbí o."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn."

Àwọn kan tún máa ń sọ pé bàbá àgbà ló kọ́ ọ ní alùpùpù. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Wolé-wolé ni bàbá àgbà, òun ni ń wo ìdí ìkòkò àwọn èèyàn bóyá kòkòrò wà nínú omi wọn, alùpùpù náà ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó kú, odindi ọdún kan ni máṣíìnì fi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, Ìyá Àgbà ká aṣọ kúrò, ó wọ ṣòkòtò olóògbé sábẹ́ ìró, ó ranṣẹ́ pe Ràímì, mẹ́káníìkì kan ní Ìtòkú, wọ́n sì tì í lọ sí pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá ló ṣubú. Ràímì ló kà á, èmi kọ́. Kí oṣù tó parí, ó ti ń gùn ún lọ sí Kọ́bapẹ́.

Ìyá Ìjọ wá bá a nílé. Obìnrin pẹ̀lẹ́ ni, kò fẹ́ ìjà, ṣùgbọ́n àwọn kan ló rán an níṣẹ́.

"Màmá Dọ́káàsì, wọ́n ní ṣòkòtò ọkùnrin lẹ ń wọ̀ kiri."

"Wọn kò parọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, lójú àwọn èèyàn?"

"Ìyá Ìjọ, àwọn tí mo ń sáré lọ bá, ìhòòhò ni wọ́n ń bọ̀. Kò sí èyí tó tíì bi mí léèrè ohun tí mo wọ̀."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fẹ́ràn púpọ̀ yìí náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kó pàdánù máṣíìnì. Bíréèkì ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú láti ayé bàbá àgbà, ti ọwọ́ nìkan ló kù. Ọyẹ́ ọdún tí mo ń wí yìí sì le. Ní ìdájí, ẹni tó wà ní Ìjẹmọ̀ kò lè rí Olúmọ, bí ẹni pé wọ́n ti gbé àpáta náà lọ síbòmíràn. Ní ọjọ́ kan tí n kò bá a lọ, atẹ́gùn mú ọwọ́ rẹ̀ títí àwọn ìka rẹ̀ fi gan bí igi ìdáná. Nígbà tó fẹ́ dúró ní Kọ́bapẹ́, ọwọ́ kò dáhùn. Ó wọ àárín àpò èédú tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì. Àwọn ìbátan mi máa ń sọ pé inú iná ló kó sí. Kò sí iná níbẹ̀. Èédú ni, ó sì tutù. Kò fara pa, ṣùgbọ́n ó dé ilé ní dúdú láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, bàbá mi sì jókòó níwájú ilé.

"Màámi, ẹ jẹ́ ká ta nǹkan yìí."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é. Ọwọ́ yín ni kò gbé e mọ́."

"Ọwọ́ mi tutù ni. Kò kú."

"Bí ó bá tutù lórí títì, kí ló kù?"

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Inú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbà kí ara wọn. "Bọ́sẹ̀, bá mi kí bàbá rẹ, sọ fún un pé a kú ọyẹ́." "Bọ́sẹ̀, sọ fún Màámi pé mo ní a kú ọyẹ́." Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n ṣe àdéhùn. Bàbá mi yóò mú ọjọ́ kan kí ọyẹ́ tó tán. Ní ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà yóò gun alùpùpù dé Kọ́bapẹ́. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, bàbá mi yóò fún un ní òwú funfun, irú èyí tí agbẹ̀bí fi ń so ìwọ́ ọmọ. Kó so kókó mẹ́ta kí bàbá mi tó ka ení dé ogún. Èmi ni wọ́n fi ṣe onídàájọ́.

"Bí mo bá pàdánù," ni Ìyá Àgbà wí, "gba kọ́kọ́rọ́. Bí mo bá yege, o kò ní dárúkọ máṣíìnì mi pọ̀ mọ́ títà mọ́ títí n ó fi kú."

Báyìí ni ìwádìí bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ilé wa di ibi tí wọ́n ti ń wá ooru.

Ìbọ̀sẹ̀ bàbá àgbà ló kọ́kọ́ gbìyànjú, èyí tó nípọn, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n fi irun àgùntàn hun. Ó wọ̀ wọ́n sọ́wọ́, ó gé ojú ihò fún àtàǹpàkò. Bí a ṣe ń kọjá ní Ìtòkú, tí àwọn obìnrin aláàdìrẹ ń sá aṣọ wọn, ọ̀kan nínú wọn pè é.

"Màmá, ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹsẹ̀ lẹ wọ̀ sọ́wọ́?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà dúró, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo wọn lè rí i dáadáa.

"Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló ń dá máṣíìnì dúró," ó ní. "Ọwọ́ mi ni."

Ìbọ̀sẹ̀ dára, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń gba àárín òwú rẹ̀ wọlé. Ràímì ló wá ọ̀nà àbáyọ. Ó la kẹ́ẹ̀gì òróró kan sí méjì, ó sì fi wáyà so ìlàjì kọ̀ọ̀kan mọ́ iwájú ibi tí ọwọ́ ti ń di máṣíìnì mú, kí atẹ́gùn máa kọlù wọ́n dípò ọwọ́. Ó gbéṣẹ́ púpọ̀. Ó tún mú kí alùpùpù jọ ewúrẹ́ elétí ńlá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mi pè é ní Elétí. Mo bá wọn wí, mo sì kẹ̀yìn sí wọn kí n tó rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn èyí ló kan ìwé ìròyìn bàbá mi. Ìyá Àgbà ṣàkíyèsí pé bí àyà òun bá tutù, kò sí ohun tí òun lè fi bo ọwọ́ tí yóò gbóná. Ó ní láti àyà ni ooru ti ń gbéra, ọwọ́ ni ìkangun ọ̀nà rẹ̀, bí ọ̀nà bá sì jìn, tí ooru kò pọ̀, kò ní débẹ̀. Nítorí náà, ó ń ki ìwé ìròyìn sábẹ́ kóòtù, ojú ewé mẹ́rin níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Bàbá mi wá ìwé ìròyìn rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, ó bi í.

"Màámi, ṣé ẹ ti rí ìwé ìròyìn mi?"

"Mo wọ̀ ọ́."

"Ẹ wọ̀ ọ́?"

"Ojú ewé eré bọ́ọ̀lù ló gbóná jù. Ti òṣèlú kò mú ooru kankan wá."

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ooru àyà yìí fún kíláàsì mi ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ wọn ní ìmọ̀ ìlera, n kò sì rí ìwé kan tó sọ pé irọ́ ni.

Iṣu sísun ló gbẹ̀yìn. Obìnrin kan máa ń sun iṣu lẹ́nu ọ̀nà wa ní ìdájí. Ìyá Àgbà yóò gba gígé méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ẹyín iná, yóò fi ewé àti aṣọ wé wọn, ọ̀kan nínú àpò ọ̀tún kóòtù, ọ̀kan nínú àpò òsì. Bí a bá dé ìdajì ọ̀nà, yóò dúró, yóò ki ọwọ́ bọ àpò títí ìka rẹ̀ yóò fi rọ̀, a ó sì tẹ̀ síwájú. Bí a bá dé Kọ́bapẹ́, yóò fún mi ní gígé kan, yóò jẹ ìkejì. Mo sọ fún un pé ojú ń tì mí láti jẹ ohun tí wọ́n fi mú ọwọ́ gbóná.

"Ohun tó bá sìn ọ́ dé ibi iṣẹ́," ó ní, "má jù ú nù. Jẹ ẹ́."

Bàbá mi mú ọjọ́ tó tutù jù lọ. N kò lè dá a lẹ́bi, àdéhùn kò sọ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń wa ọkọ̀ tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Ìyá Àgbà lo gbogbo ohun tó mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìbọ̀sẹ̀, kẹ́ẹ̀gì, ìwé ìròyìn, iṣu. Nítorí pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó fi òrí kún un. Gbogbo ará ilé wa ló máa ń fi òrí pa ara nínú ọyẹ́, ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi pa ọwọ́, ó nípọn, bí ẹni ń rẹ́ ilé.

Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Kọ́bapẹ́ níwájú àwọn tó ń tajà lẹ́bàá títì. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ rẹ̀.

"Kàn án wò."

Bàbá mi kàn án. Ẹnu yà á. Ọwọ́ náà gbóná bí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màámi. Òwú rèé. Ení. Èjì. Ẹ̀ta."

Òrí ti yọ́ nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ti di epo. Ìyá Àgbà mú òwú, òwú yọ̀. Ó tún un mú, ó so ó, ó fà á, kókó tú. Ó nu ọwọ́ mọ́ kóòtù, ṣùgbọ́n òwú pàápàá ti mu òrí yó. Ní ẹẹ́rìndínlógún, kókó kan dúró. Ní ogún, ọ̀kan náà ló ṣì wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ tún un kà," ni obìnrin elépo kan wí. "Ẹ ti yára jù."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá mi kò yára. Ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí akọ̀wé. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

"Tíṣà," ni Ìyá Àgbà wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, "o kò lè ṣì í gbọ́ fún mi?"

"Rárá, mà."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó di mí léjìká mú.

"Má sunkún," ó ní. "Ẹni tó bá parọ́ gbè mí lónìí, yóò parọ́ mọ́ mi lọ́la."

Ìjẹmọ̀ dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ́ọ̀sì ni Ìyá Àgbà ń wọ̀, bọ́ọ̀sì kì í sì í gbéra títí yóò fi kún. Ilẹ̀ á ti mọ́ kedere kó tó dé Kọ́bapẹ́, nígbà tí àwọn aboyún ti rẹ̀wẹ̀sì láti dúró, tí wọ́n ti lọ sóko. Síbẹ̀, ní àràárọ̀, ó ń nu alùpùpù náà, kẹ́ẹ̀gì méjèèjì pẹ̀lú. Bàbá mi kò tíì rí ẹni rà á. N kò mọ̀ bóyá ó wá ẹnikẹ́ni.

Ìyá mi ló sọ ohun tó tẹ̀ lé e fún mi, nítorí mo ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé-ìwé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jímọ̀ bá ọkọ̀ akógi láti Kọ́bapẹ́ dé ẹnu ọ̀nà wa. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí, oyún àkọ́kọ́. Obìnrin náà ní òun kò ní bímọ àfi bí Ìyá Alùpùpù bá dé. Bàbá mi sáré sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọyẹ́, ó sì dákẹ́. Ó tún gbìyànjú rẹ̀, kò tilẹ̀ wúkọ́ mọ́.

Ó mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù jáde, ó nà án sí ìyá rẹ̀.

"Rárá," ni Ìyá Àgbà wí. "Mo ti bá ọ ṣe àdéhùn. Ìwọ ni yóò gùn ún. Wọ ìbọ̀sẹ̀ yìí."

"Màámi, aṣọ iṣẹ́ ni mo wọ̀. Èmi kò ní fi ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́ gba Ìtòkú kọjá."

Bàbá mi sì ní kí wọ́n yọ kẹ́ẹ̀gì wọ̀nyẹn kúrò ná, kó tó gùn ún. Ìyá mi ní Ìyá Àgbà jókòó sẹ́yìn. Ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó sì ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò kóòtù ọmọ rẹ̀, pẹ̀lú iṣu.

A wà lórí ìlà ní ilé-ìwé, a ń kọ orin òwúrọ̀, nígbà tí mo gbọ́ ariwo tí mo mọ̀. Alùpùpù wọ ẹnu ọ̀nà. Bàbá mi ló wà lórí rẹ̀, táì rẹ̀ ń fò lẹ́yìn ọrùn. Kò dúró. Ó yí òpó àsíá po.

"Yínká, tẹ bíréèkì," ni Ìyá Àgbà ń wí lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Ọwọ́ mi kò gbọ́, Màámi."

Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọmọ ti pa orin tì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó darí máṣíìnì sínú oko ẹ̀gẹ́ ilé-ìwé, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kú sí láàárín àwọn ewé. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku dànù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ wò, ó mi orí pé ó dára, ó sì gba ẹ̀yìn ilé-ìwé lọ sí ilé Jímọ̀. Bàbá mi ṣì jókòó. Ìka rẹ̀ ká mọ́ ọwọ́ máṣíìnì bí èékánná àwòdì. Èmi àti ọ̀gá ilé-ìwé ló tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọbìnrin ni. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà bí ẹni tó rí ohun tó ń wá. Nígbà tó tán, Ìyá Àgbà bu omi gbígbóná tó kù sínú abọ́, ó fi omi tútù là á, ó jáde sí ìta níbi tí bàbá mi jókòó sí lórí àpótí. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó rì wọ́n sínú omi náà, ó ń fi òrí ra á, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń retí kó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ó ń ta ọ́?"

"Ó ń ta mí, Màámi."

"Ooru ló ń padà wọlé. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

Lẹ́yìn náà ni èjìká bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó ń rẹ́rìn-ín òpó àsíá, ó ń rẹ́rìn-ín táì rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dànù sí bàtà rẹ̀.

"Jímọ̀, wá wò ó," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń retí èyí."

Bàbá mi nu ọwọ́, ó wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

"Màámi, ẹ gbà á. Ọwọ́ mi kò gbé e."

Ìyá Àgbà gùn ún fún ọdún mẹ́jọ sí i, pẹ̀lú bíréèkì ẹsẹ̀ tuntun tí bàbá mi fi dandan lé. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́ dáadáa, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ wá, ẹnikẹ́ni kò bèèrè rẹ̀. Ó pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Ó lọ nínú ọyẹ́ tó kọjá, ní ọdún kan náà tí mo fẹ̀yìntì, ó ku díẹ̀ kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àwọn obìnrin ìjọ ló wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n wọṣọ fún un. Wọ́n mú ìbọ̀wọ́ funfun wá, èyí tín-ín-rín tí wọ́n máa ń wọ̀ fún òkú. Bàbá mi, tí òun náà ti di àgbà tó ń tẹ ọ̀pá, ní kí wọ́n dúró. Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú ló mú jáde, ihò àtàǹpàkò ṣì wà lára wọn. Ó jókòó sẹ́bàá ibùsùn, ó mú ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó ra á díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ìbọ̀sẹ̀ náà fún un.

"Bàbá," ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "ìbọ̀sẹ̀ nìyẹn o. Ti ẹsẹ̀ ni."

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí, kò gbójú sókè. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ló ń dá máṣíìnì dúró."